Nígbà Tí Mò Ń Rán Sùtánà Kérésì

Ajé, 4 Oṣù Kọkànlá

Mo gba iṣẹ́ náà. Ogójì sùtánà fún ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, gbogbo rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ pé kí a tó lọ ṣe Kérésì létí òkun ní Sèmè. Màmá Élodie tí wọ́n jẹ́ olórí àwọn obìnrin akọrin ni wọ́n fúnra wọn gbé ìdì aṣọ wá bá mi nílé ní àdúgbò Akron. Wọ́n ní àwọn kan fẹ́ gbé iṣẹ́ yìí fún aránṣọ kan ní Kùtọnu, ṣùgbọ́n Màmá Élodie ni wọ́n ní ẹni tiwa ni yóò rán an, nítorí náà kí n má dójú ti àwọn. Mo ní ojú ò ní tì wọ́n. Ìgbà tí wọ́n lọ tán ni mo jókòó ti ìdì aṣọ, tí mò ń bi ara mi pé ta ló rán mi níṣẹ́.

Gabriel, ọkọ mi, ní ṣé mo rántí pé ọwọ́ méjì ni mo ní, ọ̀kan sì ń gbé ọmọ lọ́mú. Mo ní Grâce ọmọ wa ní méjì tirẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni, ṣùgbọ́n bó ṣe ń ṣẹ́ etí aṣọ, ó ń ṣe é ju àwọn tó ti gba òmìnira lọ.

Ẹtì, 8 Oṣù Kọkànlá

Òjò rọ̀ láti àárọ̀. Mo gé mẹ́wàá. Kókó òwú funfun tí mò ń rà ní ọ̀ọ́dúnrún ti di irínwó ní ọjà Wàǹdó, obìnrin tó ń tà á kò tilẹ̀ wojú mi nígbà tó ń dá mi lóhùn.

Mo dúpẹ́ pé nǹkan oṣù mi ò tíì padà láti ìgbà tí mo ti bí Dámilárá. Bí ti tẹ́lẹ̀ ni, ó níye ọjọ́ tí ǹ bá pa aṣọ funfun tì nínú oṣù, tí ǹ bá máa rán kaki àwọn ọmọ ilé ìwé. Bí màmá mi ṣe ń ṣe é nìyẹn, bí èmi náà ṣe ń ṣe é nìyẹn. Sùtánà kì í ṣe aṣọ òde, obìnrin tó wà nínú ọjọ́ rẹ̀ kì í fọwọ́ kàn án.

Àìkú, 10 Oṣù Kọkànlá

Wọ́n yan Grâce láti lé orin kejì ní Sèmè. Nínú gbogbo àwọn ọmọbìnrin yẹn! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde jó láàárín ìjọ. Ọmọ fúnra rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín, ó ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Nígbà tí a délé mo bi í pé kí ló dé. Ó ní kò sí nǹkan kan, Màmá.

Ọjọ́bọ̀, 14 Oṣù Kọkànlá

Àjákù aṣọ tí mo tò sínú apẹ̀rẹ̀ tún ti dín. Mo fẹ́ fi wọ́n tẹ́ inú ọrùn àwọn sùtánà ni. Mo sọ fún Gabriel pé tí mo bá tún rí i pé ó fi aṣọ àdúrà nu alùpùpù, èmi àti òun ni. Ó ní tó bá jẹ́ òun ló mú un, kí alùpùpù náà má ṣe ṣáná mọ́ láéláé. Ó tẹ alùpùpù náà lẹ́ẹ̀kan péré lónìí, ó sì ṣáná, èyí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà rú mi lójú.

Ọjọ́rú, 20 Oṣù Kọkànlá

Obìnrin kan láti ìjọ wa wá wọn sùtánà rẹ̀ wò. Mo bi í bí mo ṣe máa ń bi gbogbo wọn, ó ní ọjọ́ nǹkan oṣù òun ni. Mo ní kó má bínú, kó padà wá tó bá tán, aṣọ funfun àwọn ẹlòmíràn ló kún inú yàrá yìí. Kò bínú. Grâce ló mú abẹ́rẹ́ olórí lọ́wọ́, ṣe ló sì da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Dámilárá ń rá bọ̀ nígbà náà! Mo jágbe mọ́ ọn. A fi ọwọ́ wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀ títí ẹ̀yìn fi ń ro mí.

Ìṣẹ́gun, 26 Oṣù Kọkànlá

Grâce tètè jáde. Kò mu ẹ̀kọ rẹ̀. Sùtánà mẹ́tàdínlógún ti parí, mo ti ká wọn sínú ọ̀rá.

Ọjọ́bọ̀, 28 Oṣù Kọkànlá



Olùkọ́ Grâce pè mí lórí fóònù láàárọ̀. Ó kí mi dáadáa, ó ní, "Madame, ṣé ara ọmọ ò tíì yá ni? Láti ìjẹta ni a ò ti rí Grâce ní kíláàsì. Báyìí náà ló ṣe lóṣù tó kọjá." Mo kọ́kọ́ rò pé ó ṣi ẹni pè. Ọmọ tí mo fi ojú ara mi rí tó wọ kaki, tó gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, tó ní "Màmá, mò ń lọ o."  Mo sọ fún olùkọ́ pé ibà ni, mo kí i pé ó ṣeun, mo sì gbé fóònù sílẹ̀.

Ọkùnrin ló wá sí mi lọ́kàn. Kí ni ì bá tún jẹ́? Mo wo ẹ̀rọ mi, mo wo aṣọ tó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́. Nítorí kí ojú mi lè máa tó àwọn ọmọ mi ni mo ṣe fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ tí mo gbé iṣẹ́ wálé. Gbogbo ènìyàn ni mo ń sọ ọ́ fún.

Mo pọn Dámilárá, mo fẹ́ lọ gbé e sọ́dọ̀ Adjaratou, aládùúgbò wa tó ń ta wàrà yáúùtù, kí n lè ríbi gba kọlẹ́ẹ̀jì Grâce lọ. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé mi àti tirẹ̀. Mo kan ilẹ̀kùn, kò gbọ́, mo gba ẹ̀yìn wọlé. Lórí okùn tí wọ́n sá aṣọ sí, mo rí àjákù aṣọ funfun mi. Wọ́n ti ṣẹ́ wọn po ní ìlọ́po mẹ́rin, wọ́n rán etí wọn yíká, wọ́n fọ̀ wọ́n mọ́. Mo mọ ọwọ́ tó rán an, nítorí èmi ni mo kọ́ ọ.

Grâce wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ó ń fọ èyí tó kù. Ó rí mi, kò sá. Ó kàn gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí báàfù bí ẹni tó fẹ́ bò ó.

Adjaratou jáde síta. Ó wo ojú mi, ó ní, "Ìyá Grâce, mo rò pé o mọ̀. Ó sọ fún mi pé o mọ̀." Ó ní láti ìgbà ìsinmi ńlá ni. Ẹ̀ẹ̀kẹrin tó ń rí nǹkan oṣù rèé.

Ẹ̀ẹ̀kẹrin! Ọmọ mi di obìnrin nínú ilé tí mò ń gbé, aládùúgbò ló sì mọ̀. Ó sì yẹ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan tó dára níbẹ̀. Ọlọ́run rí mi. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Èwo lo fọwọ́ kàn nínú àwọn sùtánà yẹn?"

Grâce ní, "Gbogbo ẹ̀, Màmá."

Ó ní òun kò lè sọ, nítorí tí òun bá sọ, n ò ní jẹ́ kí òun wọ yàrá iṣẹ́ mọ́, ta ni yóò wá bá mi ṣẹ́ etí aṣọ? Ó ní kaki ilé ìwé ló ń ba òun lẹ́rù, pé kí ẹ̀jẹ̀ má lọ hàn lára rẹ̀, ni òun fi ń dúró sọ́dọ̀ Táǹtí Adjaratou. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi ń sọ gbogbo rẹ̀, bí ẹni tó ń ka iṣẹ́ ilé fún tíṣà.

Mo sọ fún Gabriel nígbà tó dé. Ó ní, "Grâce yìí náà?"  Ó jáde, ó ra adìẹ sísun kan bọ̀, ó já itan rẹ̀ fún Grâce, kò sọ ìdí.

Àbámẹ́ta, 30 Oṣù Kọkànlá

Mi ò lè fi ọwọ́ kan aṣọ láti ìjẹta. Aṣọ yìí kì í ṣe tèmi. Àwọn ènìyàn máa wọ̀ ọ́ lọ síwájú Ọlọ́run, wọ́n sì fi ọkàn tán mi pé mo pa òfin mọ́ lórí rẹ̀. Bí mo bá dákẹ́, kí ni mo ń pè ní ẹ̀rí ọkàn?

Mo lọ bá Màmá Élodie. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọn kò pariwo. Wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú, wọ́n ní mo ṣe dáadáa bí mo ṣe wá, ẹlòmíràn ì bá pa á mọ́ra. Wọ́n ní kí n kó èyí tó ti parí wá, àwọn yóò ṣe àdúrà sí i pẹ̀lú omi, ó tán. Ọkàn mi fúyẹ́. Mo ra ẹja wálé.

Àìkú, 1 Oṣù Kejìlá

Wọ́n ti ṣe àdúrà náà lẹ́yìn ìsìn. Grâce wà nílé. N ò sọ fún un pé mo lọ síbì kankan.

Ọjọ́rú, 4 Oṣù Kejìlá

Grâce tètè padà láti ibi ìdánrawò orin. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́, kò wọlé. Mo ní ṣé ó ti tán ni. Ó ní, "Ẹ lọ sọ, Màmá."

Mo ní kí ni mo lọ sọ.

Ó ní Màmá Élodie dìde kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ orin. Wọ́n ní kí àwọn ọmọbìnrin má máa bo ara wọn mọ́lẹ̀ fún ìyá wọn, pé ilé kan wà tí àwọn ò ní dárúkọ, tí ọmọ kan ti fọwọ́ kan aṣọ àdúrà ní ọjọ́ rẹ̀, tí ó di ohun tí wọ́n ń ṣe àdúrà lé lórí. "Wọn ò dárúkọ mi lóòótọ́. Ilé ta ni wọ́n ti ń rán sùtánà, Màmá? Gbogbo wọn ló yíjú wò mí. Àwọn ọkùnrin náà."

 Mo rò pé inú yàrá Màmá Élodie ni ọ̀rọ̀ náà wà. Àwọn náà ò sì ní í lọ́kàn láti ṣe ibi, mo mọ̀ wọ́n, ìkìlọ̀ ni wọ́n rò pé àwọn ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀, tó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Ẹnu mi ló sì ti bọ́.

Ẹtì, 6 Oṣù Kejìlá

Grâce ń dá mi lóhùn. "Ẹ káàárọ̀, Màmá." "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá." Ó ń fọ abọ́, ó ń wẹ Dámilárá, ó ń lọ ilé ìwé (mo pe olùkọ́ láti rí i dájú). Kò wọ yàrá iṣẹ́. Mo gbé sùtánà kan fún un pé kó bá mi ṣẹ́ etí rẹ̀, ó ṣáà ti tán lára rẹ̀. Ó ní, "Kaki nìkan ni mo lè rán." Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì ń rán kaki.

Mo lọ sọ́dọ̀ Adjaratou, mo fẹ́ kó bá mi bá a sọ̀rọ̀. Ó ń da yáúùtù sínú ọ̀rá, kò dá iṣẹ́ dúró. Ó ní, "Ìyá Grâce, kò yé mi. Àwa Mùsùlùmí náà kì í kí ìrun ní ọjọ́ wa. Òfin kì í ṣe ohun tuntun fún mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ yẹn wọlé tọ̀ mí wá tó ń sunkún, omi gbígbóná ni mo kọ́kọ́ gbé kaná. Mo se ẹyin fún un. Ìwọ, ta lo kọ́kọ́ sá lọ bá?"

Mo bínú sí i. Mo wálé, mo bá ara mi bínú. Mo ti wo ojú ọmọ yẹn láti ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, n ò tíì bi í léèrè rí bóyá inú ń run ún.

Ìṣẹ́gun, 10 Oṣù Kejìlá

Ọyẹ́ ti dé. Ètè gbogbo wa ti bó. Iná ń lọ ó ń bọ̀, ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ ni mo fi ń rán an.

Lónìí, mo tẹ orí ba láti fi òwú sínú abẹ́rẹ́, ohun tí mo gbọ́ ni pé ẹkún Dámilárá dá dúró láàárín. Mo gbójú sókè, ojú ọmọ ti ranko, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ohùn ò jáde. Bọ́tìnì kaki ló há a lọ́fun. Mo jókòó síbẹ̀. Mo ń sọ ọ́ gan-an bó ṣe rí: mo jókòó síbẹ̀ bí ère, òwú wà lọ́wọ́ mi.

Grâce ló já wọlé láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó fa ọmọ sókè, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí itan, ó lù ú lẹ́yìn, ó tún lù ú. Bọ́tìnì náà bọ́ sórí aṣọ funfun tó tẹ́ sílẹ̀. Dámilárá figbe ta. Igbe yẹn dùn létí mi ju orin lọ.

Mo nawọ́ sí àwọn méjèèjì. Grâce gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́, ó fẹ̀yìn rìn padà sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Mo ti wọ ibẹ̀ o, Màmá. Ẹ lọ sọ fún wọn." Ó sì padà sídìí kaki rẹ̀.

Ìgbà tí ọmọ sùn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún.

Àbámẹ́ta, 14 Oṣù Kejìlá

Mo ti ẹ̀rọ pa láàárọ̀. Mo gbé omi kaná, mo se ẹyin, mo din dòdò, mo gbé e lọ bá Grâce ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó wo abọ́ náà. Ó ní, "Kò tíì tó àsìkò rẹ̀, Màmá." Mo ní mo mọ̀, ti ẹ̀yìn ni mò ń san. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. N ò bẹ ọmọ rí láyé mi, n kò tilẹ̀ mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni, kì í ṣe tèmi láti máa gbé kiri, bó ti wù kí ẹ̀rí ọkàn máa dà mí láàmú tó. Mo ní ó yẹ kí n ti kọ́kọ́ bi í léèrè. Ó ní, "Ó ti tán, Màmá," ṣùgbọ́n bí àgbà ṣe ń sọ ọ́ fún ẹni tí wọn ò fẹ́ bá jà mọ́ ni ó ṣe sọ ọ́.

Ó jẹ ẹyin náà ṣá. Ó ní òun máa lọ sí Sèmè, nítorí orin òun.

Ọjọ́rú, 18 Oṣù Kejìlá

Ogójì pé! Mo gbé wọn lọ lórí zémì, alùpùpù tó ń kérò, ọ̀rá méjì, èmi láàárín. Màmá Élodie tú wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò rí àlébù kankan. Wọ́n béèrè Grâce. Mo ní ó wà. N ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àìkú, 22 Oṣù Kejìlá

Grâce ń fi orin rẹ̀ dánra wò nínú ilé ìdáná. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ń gbọ́ ọ. Ó rí òjìji mi, ó dákẹ́.

Ìṣẹ́gun, 24 Oṣù Kejìlá

Gabriel ti gbé ẹrù ṣáájú lọ sí oríta tí bọ́ọ̀sì ìjọ dúró sí. Mo ti wọ sùtánà mi, mo ti bọ́ bàtà, nítorí a kì í wọ̀ ọ́ pẹ̀lú sùtánà, mò ń pọn Dámilárá. Grâce wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Sùtánà tirẹ̀ ṣì wà ní kíká lórí apá rẹ̀.

Ó fà mí láṣọ díẹ̀, ó ní, "Màmá, ó ti dé."

 Bọ́ọ̀sì ti dúró, orin rẹ̀ ń dúró dè é níbẹ̀, ó sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń pa á mọ́. Bó bá wọ aṣọ rẹ̀ tó gun bọ́ọ̀sì, ta ni ì bá mọ̀? Èmi kọ́. Òun ló sì wá sọ fún mi, èmi tí mo ti ṣe é bí mo ṣe ṣe é.

Mo ní, "Ṣé inú ń run ọ́?" Ó ní díẹ̀díẹ̀. Mo sọ ọmọ kalẹ̀, mo bọ́ sùtánà mi, mo gbé e kọ́, mo ró ìró, mo tún pọn ọmọ, mo gbé omi kaná. Ó tẹ̀ lé mi, ó ní kí n máa lọ, òun lè dá wà, Táǹtí Adjaratou wà nílé. N ò pa Sèmè jẹ rí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Mo ní kó bá mi mú ẹyin wá.

Fóònù dún. Màmá Élodie ni. "Ìyá Grâce, níbo lẹ wà? Bọ́ọ̀sì ti kún. Grâce ńkọ́? Ta ni yóò lé orin kejì?"

Fóònù mi kì í pa ohùn mọ́, gbogbo ilé ló ń gbọ́ wọn. Grâce dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú ẹyin méjì lọ́wọ́. Kò mira. Ó ń wo ẹnu mi.

Mo ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Èmi ni. Nǹkan oṣù mi ló ṣàdédé padà láàárọ̀ yìí, ara mi ò sì gbé e rárá. Mo ní kí Grâce dúró bá mi mú ọmọ. Ẹ bá mi bẹ àwọn akọrin."

 Wọ́n ní, "Ìwọ tí ọmọ ṣì wà lọ́mú rẹ?"

Mo ní, "Ó ya èmi náà lẹ́nu, Màmá."

Wọ́n ní pẹ̀lẹ́, wọ́n ní kí Ọlọ́run fún mi lágbára, àwọn á wá ẹlòmíràn fún orin náà. Gabriel máa pè láìpẹ́, n ò tíì mọ ohun tí n ó sọ fún un. N ò pa irọ́ fún Màmá Élodie rí. Mo gbé fóònù sílẹ̀.

Grâce gbé ẹyin kalẹ̀. Ó wá sẹ́yìn mi, ó tú ọ̀já, ó gba Dámilárá. Ó ní, "Màmá, ẹ lọ dùbúlẹ̀. Ṣebí ara yín ò gbé e ni." Ẹ̀rín ń jà lẹ́nu rẹ̀, ó ń gbìyànjú láti pa á mọ́ra, kò rí i ṣe.

Mo lọ dùbúlẹ̀.